Ọjọ́ Tí Gbogbo Agbo Ilé Wa Di Sítúdíò

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fún Ìyá Onírú láyè lórí ẹní yẹn, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kàn án gan-an, ó sì ti ń fojú bá mi wí láti àárọ̀ pé kí n má bu iyọ̀ sí i. N ò ní bu iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ohùn Ìyá Àgbà tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Télọ̀. Ẹ gbàgbé ti Bàbá Télọ̀ jàre. Oorun ni bàbá ń sùn nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn jù, a sì ní ẹ̀rí, torí bí wọ́n ṣe ń hanrun wà nínú ohùn tí wọ́n gbà náà. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á gbọ́ ọ.

Ẹ mọ Ẹnjiníà, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ọmọkùnrin gíga yẹn tó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, ọmọ ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì LAUTECH, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kò tíì parí ìwé o, àmọ́ láti ọjọ́ tó ti bá Ìyá Onírú tún áyọ́ọ̀nù ṣe la ti fi oyè náà dá a lọ́lá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà àti LAUTECH, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n wà: 1990 ni wọ́n dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, 1990 náà ni ìyá wọn bí àkọ́bí. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi máa ń sọ̀rọ̀ LAUTECH bíi pé àwọn ni wọ́n fún un lọ́mú.

Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni ọmọ náà ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ rí, mo kí yín kú orí ire. Yàrá ti yàrá, jẹnẹrétọ̀ ti jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan ń fọ aṣọ, ẹnì kejì ń gbàdúrà, ẹnì kẹta ti ki orin bọ inú sípíkà tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àárín ariwo yìí ni Ẹnjiníà ti ń ṣe iṣẹ́ kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọmọ náà ní ohùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn tó ń ta àgbo, àwọn tó ń ta ilẹ̀, wọn á gbé ọ̀rọ̀ ìpolówó wá fún un, á kà á sínú máìkì nínú yàrá rẹ̀, wọn á san owó, wọn á gbé e lọ sí ilé rédíò.

Báwo la wá ṣe mọ̀? Ìyá rẹ̀ ló lọ kí i láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó gbé èlùbọ́, ó gbé ata gígún, ó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ ohun tójú wa ti rí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ó sùn lọ́dọ̀ ọmọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, ó ta jí, ó fọwọ́ wá ọmọ, kò bá a. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ti inú wọ́dúróòbù bọ̀, ó rọra ń sọ pé: “Ẹ̀yin ará, ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ń dààmú yín?”

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí ṣí wọ́dúróòbù, ó bá ọmọ rẹ̀ láàárín ṣòkòtò àti agbádá, búláńkẹ́ẹ̀tì lórí, máìkì lọ́wọ́, òógùn ń dà á. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pe àwọn aládùúrà ìjọ rẹ̀ sórí fóònù pé ọmọ òun ń bá aṣọ sọ̀rọ̀ lóru. Wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí o! Ìgbà tí ọmọ náà fi owó àgbo ra gèlè fún un ló tó gbà pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé e dé inú wọ́dúróòbù? Ohun tó ṣàlàyé fún wa rèé, ó sì bọ́gbọ́n mu. Bí ohùn bá ti jáde lẹ́nu, sísá ló ń sá, nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kan ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ dán, bó bá kan ilẹ̀ táìlì, á ta padà, máìkì á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, á tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ á wá máa gun ara wọn lórí. Aṣọ ní tirẹ̀ kì í dá ohùn padà, ṣe ló ń gbé e mì. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lówó sítúdíò, wọ́dúróòbù tó kún fún aṣọ ni sítúdíò rẹ̀, òru sì ni àkókò rẹ̀, nígbà tí Under-G bá rẹ̀ wọ̀ọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àrídájú, ẹ lọ sí pálọ̀ tuntun tí Bàbá Onígáàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táìlì sí, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Pàtẹ́wọ́ náà á lọ, á bọ̀, á tún kí yín. Mo sọ fún bàbá náà pé pálọ̀ wọn ń dáhùn. Wọ́n rò pé mo ń yìn wọ́n ni, wọ́n bu kóòkì fún mi.

Ẹ jẹ́ n padà sídìí ọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé Ìyá Àgbà la fẹ́ gba ohùn wọn? Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn Bàbá Àgbà ni. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí á rántí rẹ̀kọ́dà Bàbá Kékeré, èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ apá bí ẹni gbé ọmọ. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ilé wo ni kò ní ọ̀kan? Láti 1963 tí ilé iṣẹ́ Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ni ẹnikẹ́ni ti lè gba ohùn nílé ara rẹ̀ láìbẹ ẹnì kan: tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ó di gbígbà. Bàbá Kékeré gba ìkómọ, ó gba ìṣílé, ó gba ìjà ìyàwó méjì tó ṣẹlẹ̀ ní ojúlé kejì, èyí tí a kì í gbé síta àfi lọ́jọ́ ọdún.

Ó wá gba ohùn Bàbá Àgbà, pé kí wọ́n sọ ìtàn ilé wa. Bàbá sọ ọ́. Bàbá Kékeré ṣẹ́ ike kékeré tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnì kankan má lè gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ rántí ike yẹn? Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, bọ́tìnnì ò ní tẹ̀ mọ́. Àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé bí èèyàn bá rún bébà sí ihò náà, yóò tún tẹ̀? Ọmọ kan nínú ilé yìí, tí òun náà ti di bàbá báyìí, tó sì jókòó síbí tó ń wo ilẹ̀, ló rún bébà sí i nígbà tí rédíò ń lu fújì Síkírù Àyìndé Barrister. Kí Ọlọ́run tẹ́ Barrister sí afẹ́fẹ́ rere, kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí rẹ̀kọ́dà lónìí, Bàbá Àgbà á wúkọ́, wọ́n á ní, “Ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá sí ìlú yìí ni…”, fújì á gbà á. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, a ò mọ ibi tí wọ́n ti ṣí wá. A mọ ijó jó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ní kí Ẹnjiníà gba ti Ìyá Àgbà kó tó pẹ́ jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni Ìyá Àgbà, Ọ̀yọ́ níbí ni wọ́n wá ṣe aya. Ẹkún ìyàwó tí wọ́n sun nígbà tí wọ́n ń kúrò nílé baba wọn, odidi rẹ̀ ló wà lórí wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé fọ́tò lẹ ń yà kiri kí ìgbéyàwó ó kù ọ̀la, ẹ ò mọ nǹkan. Nígbà náà, ìyàwó á máa lọ láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ baba, á máa fi ohùn arò dúpẹ́, á máa tọrọ ire, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbè é lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n sun, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ.

Bó ti di Sátidé, Ẹnjiníà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì. Ó yọ máìkì, ó yọ wáyà, ó yọ kọ̀ǹpútà àgbékiri, ó yọ háńgà aṣọ kan tó ti tẹ̀ roboto. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Onírú bóyá wọ́n ní sítọ́kìn. Sítọ́kìn! Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì! Ó fa sítọ́kìn náà bo háńgà, ó dì í, ó fi í sí àárín máìkì àti ibi tí ẹnu máa wà. Ó ní bí èèyàn bá pe “b” tàbí “f”, èémí máa ń bú jáde lẹ́nu, á gbá máìkì, á dún gbòlà. Sítọ́kìn ló máa tú èémí náà ká, ohùn á sì kọjá. Ìyá Onírú ní kó ṣáà rántí pé ọ̀la ni Ọjọ́ Ìsinmi.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bàbá Onígáàsì ní kí wọ́n lẹ kíréètì ẹyin mọ́ ògiri, pé àwọn rí i ní sítúdíò kan. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ọ̀rẹ́ òun kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ tó kó kíréètì ẹyin jọ ní gbogbo Sábó títí ó fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kíréètì, kò nípọn tó láti gbé ohùn mì, kò sì lè dá ariwo ìta dúró rárá. Àwọn aáyán ló gbádùn rẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀yìn kíréètì jáde lóru bí ó ti ń kọrin lọ́wọ́, ìgbe tó ké lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni ohùn tó dára tí wọ́n gbà ní yàrá yẹn.

Ó yá, ká múra. Nẹ́pà kò tiẹ̀ mú iná wá, ìyẹn dáa, fíríìsà ò ní kùn. Ẹnjiníà ní òjò ò gbọdọ̀ rọ̀, nítorí páànù wa. A wo ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní fóònù pa á, kì í ṣe nítorí pé ó lè dún nìkan, ìgbì fóònù fúnra rẹ̀ máa ń wọ inú máìkì, á máa dún gìdì-gìdì kí ìpè tó wọlé. Ìyá Onírú lọ́ra láti pa tiwọn. Ẹ mọ̀ pé láti 2013 tí WhatsApp ti jẹ́ ká máa fi ohùn ránṣẹ́ ni obìnrin yìí ti di ilé rédíò. Láti ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n ti máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí: iye tí irú jẹ́, ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ọ̀kadà tó fẹ́ gbá wọn, gbogbo rẹ̀ nínú ohùn kan ṣoṣo, ọ̀kadà náà sì ń sọ tirẹ̀.

Ó wá ku jẹnẹrétọ̀ Bàbá Télọ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ le. Bàbá ní aṣọ ìyàwó lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ò lè dúró. A ní ká fi fóòmù bo ojú fèrèsé. Ẹnjiníà ní aṣọ àti fóòmù lè mú ohùn tó rí tínínrín, ìró ńlá tó ń dún nísàlẹ̀, irú ti jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù, kò ka fóòmù sí. Kí a pa á, tàbí kí a gbé e jìnnà, kò sí ìkẹta. A ránṣẹ́ mọ́ínmọ́ín sí bàbá. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni o, ẹyin wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú. Bàbá Télọ̀ jẹun, wọ́n wọlé wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ ti mọ èyí tó kù.

Àkùkọ Ìyá Onírú náà wà níbẹ̀, ẹran òsì tí kì í mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. A fi agbọ̀n bò ó, a fi aṣọ bo agbọ̀n, kó lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Alfa ní tiwọn sọ fún wa pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àílà, ó di Alásàrì kí ẹ̀rọ mọ́sáláṣí tó tún dún. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alfa. Wọ́n ṣe é tán, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé pẹ̀lú wa.

Yàrá Ìyá Àgbà ni Ẹnjiníà kọ́kọ́ gbé wọn lọ. Ẹ mọ yàrá yẹn: ògiri amọ̀ tó nípọn tó apá, àpótí lórí àpótí, òfì ìgbéyàwó wọn, òfì ọmọ wọn, òfì tí ẹnì kankan ò rántí ẹni tó ni ín. Mo pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, kò dáhùn rárá. Ẹnjiníà gbé àga kalẹ̀, ó gbé máìkì kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lé gbogbo wa jáde. A dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, a di èémí mú.

A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀, a gbọ́ Ìyá Àgbà: “Ẹnjiníà.” “Mà?” “Ta ni mo ń sun ẹkún ìyàwó fún?” “Ẹ máa sun ún lọ, Ìyá, máìkì ń gbọ́ yín.” “Ògiri ló wà níwájú mi. Ṣé ògiri ló fẹ́ fẹ́ mi ni?”

Wọ́n dìde, ó di pálọ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ọmọ náà ò bẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í bá irin sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ síwájú àgbà ní ìlú yìí. Ní 1951, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Bascom wà l'Ọ́yọ̀ọ́ yìí kan náà. Sàlàkọ́, ẹni tó mọ ẹ́ẹ̀rìndínlógún dá, jókòó síwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ, ó ki ẹsẹ títí ó fi di odidi ìwé. Ìwé náà, Sixteen Cowries, jáde ní 1980, ọdún kan lẹ́yìn tí Bascom fúnra rẹ̀ kú. Ọkùnrin náà gba ìlù Yorùbá pẹ̀lú, ilé iṣẹ́ Folkways sì ṣe é ní àwo ní 1953. Kó tó dìgbà yẹn, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti lọ kọ orin tó lé ní ogójì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún Zonophone ní 1922, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ àwo kò tíì máa fi máìkì oníná gba orin sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin ń kọrin sí. Àwọn bàbá wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ náà mọ ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu lórí àwo. Gbogbo èyí ni Ẹnjiníà kà sí Ìyá Àgbà létí láti fi tù wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ṣé Sàlàkọ́ náà ń sun ẹkún ìyàwó ni?”

Òótọ́ sì ni. Ẹkún ìyàwó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá nìkan sun. Ẹlẹ́gbè ń kọ́? Ẹni tó ń mirí ń kọ́? Ẹni tó máa ní “háà!” nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dun ni ń kọ́?

N la bá pe àwọn obìnrin ilé. Ẹ wo ojú Ẹnjiníà! Ó ti gbìyànjú pálọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ohùn ń ta padà kíjikíji, ó ti fi òfì kọ́ ara okùn yí àga ká, ó ti gbé fóòmù wa méjèèjì ti ògiri, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní báyìí àwọn obìnrin ń wọlé pẹ̀lú ìró, ìborùn, ọmọ ẹ̀yìn, wọ́n ń jókòó sílẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹní. Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Ó fi íápíìsì sétí kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ tó, ó dákẹ́, ó yọ ọ́, ó tún fi í sí i.

Ohùn ti gún. Àwa gan-an la gbé ariwo pálọ̀ mì! Ẹran ara èèyàn àti aṣọ tó wà lára rẹ̀ ń mú ohùn, Ẹnjiníà ní ìwé kọ́ òun bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ò rò pé agbo ilé òun lè ṣe òun ní àǹfààní láéláé. Gbogbo owó tí àwọn ènìyàn ń ná sórí fóòmù ara ògiri, Ìyá Onírú nìkan tó odindi ògiri kan. Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, Ìyá, Ẹnjiníà ni.

Ó sún máìkì mọ́ Ìyá Àgbà, ìwọ̀n ìka tí a nà láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀. Bí máìkì bá jìnnà, yàrá ló ń gbọ́; bó bá súnmọ́ jù, ó ń gbọ́ itọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ké ní ohùn tó ga jù tí wọ́n ní, ó sì yí ẹ̀rọ wálẹ̀ títí iná pupa fi dáwọ́ dúró. Ó ní ohùn tó bá kéré ṣeé gbé sókè tó bá yá, èyí tó bá kọjá òkè ti ya, kò sí ẹni tó lè rán an. Bàbá Télọ̀ la ojú kan pé kò sí ohun tó ya tí kò ṣeé rán, wọ́n pa á dé padà. Bàbá Onílù fẹ́ bá wa fi gángan gbè é. Ọ̀pá méjì péré ni wọ́n lù tí ẹ̀rọ fi kérora, a bẹ̀ wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà ìta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá wa lù ú. Inú bí wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ohùn tí wọ́n gbà, gángan náà bọ́ sí ibi tó yẹ ẹ́ gẹ́lẹ́, kò bo ohùn Ìyá mọ́lẹ̀.

Ẹnjiníà ní kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí? Ó fẹ́ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà lásán, kí Audacity, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, lè mọ irú ariwo tó wà nílẹ̀ kó sì yọ ọ́ kúrò. Ìdajì ìṣẹ́jú, nínú agbo ilé wa! Ọmọ kan sín, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, a tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹnu wá pa mọ́ níkẹyìn, Bàbá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Èyí tí wọ́n kọ́ Audacity pé ó jẹ́ ariwo ni bàbá náà, kò sì tiẹ̀ lè yọ wọ́n tán, torí ariwo tó ń lọ geere lójú kan ló mọ̀ ọ́n mú, Bàbá Télọ̀ sì ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, arúgbó náà kúrò níbẹ̀, ọmọge kan ló jókòó sípò wọn. Wọ́n kí baba, wọ́n kí ìyá, wọ́n bèèrè ẹni tí yóò máa fọ igbá lẹ́yìn àwọn. Ẹ̀rọ náà ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwa ń nu ojú. Ọ̀rọ̀ ti dé orí oríkì ilé ìyá wọn kí Ìyá Onírú, tí wọ́n ti búra pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀, tó lọgun pé: “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì í nílé tiwa!”

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn náà, ẹ má gbàgbé. Ẹnjiníà gbé ọwọ́ lérí. Ìyá Àgbà kò dúró. Wọ́n fi ohùn arò kan náà yí orí sí Ìyá Onírú, wọ́n kì wọ́n, wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n fi irú wọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n wá sọ fún wọn bí a ṣe ń kì í nílé àwọn àgbà. Ìyá Onírú dá a padà. Ìyá Àgbà tún dá a padà. Gángan lóde ń pariwo orúkọ àwọn méjèèjì. Ọmọ kan jáde lọ wo ohun tó wà lábẹ́ agbọ̀n, ó ṣí i. Àkùkọ gbà pé ilẹ̀ ti mọ́, ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Télọ̀ ta jí, wọ́n ní, “Àmín!”

Ẹnjiníà fẹ́ gé e kúrò. Ìyá Àgbà ní tó bá gé e, kó gé orúkọ àwọn náà kúrò lára rẹ̀. Ó fi odidi rẹ̀ pamọ́ bó ṣe wà, ní WAV, tí kì í fún ohùn pọ̀, ó tọ́jú ẹ̀dà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ó gbọ́ ìtàn fújì. Èyí tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi dókúmẹ́ǹtì ló fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kì í ṣe bí ohùn lásán, nítorí WhatsApp máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè fúyẹ́.

Ẹ sì wo ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fèsì. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fún ti Ìyá Àgbà, Ọlọ́run á dá wọn sí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ketekete, àní bíi pé àwọn wà lórí ẹní pẹ̀lú wa. Wọ́n wá ní, obìnrin tó ń já lu ọ̀rọ̀ Ìyá yẹn, ta ni? Kí ẹ tún gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn á san owó.

Nítorí náà, Sátidé tó ń bọ̀, Ìyá Onírú ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wọ aṣọ tó nípọn, kó jẹun kó tó dé, kó pa fóònù rẹ̀. Bàbá Télọ̀, ẹ sùn nílé kí ẹ tó máa bọ̀. Ẹ̀yin náà, Ìyá Onírú, ẹ dá iye kan lé àkùkọ yẹn kí a dá owó rẹ̀ jọ, nítorí ọbẹ̀ la fẹ́ fi sè láàárọ̀ Sátidé náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.